Rédíò Ojú Fèrèsé

Ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo tètè ń jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́ fún yín. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ọ̀wọ̀, èmi ni mo máa ń ka ìkéde lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi náà ni mo sì ń ka orúkọ àwọn aláìsàn tí ìjọ yóò gbàdúrà fún. Bí wọ́n bá kọ orúkọ nìkan sínú ìwé, èmi a fi àlàyé kún un. Mo ti sọ láàárín ìjọ rí pé kí a rántí bàbá kan nínú àdúrà nítorí ìtọ̀ rẹ̀ tí kò ṣeé dá dúró mọ́. Àánú ni mo fi sọ ọ́ o. Ọ̀sẹ̀ kejì ni bàbá náà kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, títí di òní, bí a bá pàdé lójú títì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò jọ mí rárá. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pín ọ̀rọ̀ sísọ, ó jọ pé èmi ni mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jẹ́ ọ̀gá ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìsùadà, nítòsí Ọ̀wọ̀, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń gbé ọgbẹ́ àdá, ibà àti oyún wá bá a. Mátírọ́nì ni gbogbo wọn ń pè é. Àǹtí ni èmi ń pè é.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ síbẹ̀, èmi ni mo bá a kó ẹrù. Yàrá tí yóò ti máa yẹ aláìsàn wò kò ní ilẹ̀kùn. Férémù wà, ilẹ̀kùn ni kò sí. Bẹ́ǹṣì gbọọrọ tí àwọn èrò ń jókòó sí wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà gan-an, bí ẹni pé sinimá ni wọ́n wá wò. Àǹtí dúró, ó wò ó. Ó ní kí n bá òun yí bẹ́ǹṣì náà padà kó kọjú sí títì. Ó tú ìró kan jáde nínú ẹrù rẹ̀, ó rán etí rẹ̀, ó fi kọ́ ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló gbé rédíò rẹ̀ kékeré lé ojú fèrèsé.

Mo rò pé ìròyìn ló fẹ́ máa gbọ́. Ó di ọjọ́ tí mo lọ kí i kí iṣẹ́ rédíò náà tó yé mi. Obìnrin kan wọlé, ó jókòó, ó ń sọ̀rọ̀ sókè pé orí ń fọ́ òun. Rédíò ń sọ tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó ṣe, obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀, Àǹtí na ọwọ́ sí fèrèsé, rédíò sì bú sókè. Àwa tí a wà lórí bẹ́ǹṣì kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ mọ́. Ìpolówó ọṣẹ ni gbogbo wa ń gbọ́.

Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù, àwọn ará ìlú ló sì kọ́kọ́ rí i. Wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ rédíò. Bí rédíò bá ti pariwo, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì a wo ara wọn, wọn a ní, "Hẹn-ẹ́n, ọ̀rọ̀ ńlá wà níbẹ̀." Ìyàwó ilé kan jáde bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí ó tó délé, ìyá ọkọ rẹ̀ ti gbọ́ pé rédíò bú sókè nítorí rẹ̀, ó sì ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí Àǹtí gbọ́, inú bí i sí ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè jẹun. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń yí rédíò sókè fún gbogbo ènìyàn: fún ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀, fún ọmọ tó ń wú ikọ́, àti fún èmi tí mo kàn lọ gba oògùn ẹ̀yìn ríro. Mo ní kí ló dé, ṣé ó fẹ́ kí etí òun di ni.

"Bó bá jẹ́ ẹni tó ní àṣírí nìkan ni mo ń yí i sókè fún," ó dá mi lóhùn, "rédíò ti tú àṣírí náà nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìjọba àti àwọn ọ̀mọ̀wé yóò fi pariwo lé wa lórí lọ́jọ́ iwájú, òun ti parí rẹ̀ lójú fèrèsé ní Ìsùadà.

Nígbà tí fóònù gbayé, àwọn obìnrin tí Àǹtí ń tọ́jú kò fẹ́ máa rìn wá sójú bẹ́ǹṣì mọ́ fún gbogbo nǹkan. Àǹtí gbé fóònù rẹ̀ lọ bá alájì kan tó ń tún fóònù ṣe ní àárín ìgboro Ọ̀wọ̀, mo sì tẹ̀ lé e, torí kò sí ibi tí n kì í tẹ̀ lé ènìyàn dé. Alájì fi áàpù kan hàn án.

"Mátírọ́nì, bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ síbí," ó ní, "kó tó kúrò lọ́wọ́ yín ló ti lọ́ pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè kà á. Inú fóònù ẹni tí ẹ kọ ọ́ sí nìkan ni kọ́kọ́rọ́ tó máa ṣí i wà. Àwọn tó ṣe áàpù gan-an ò ní kọ́kọ́rọ́."

"Ìjọba ńkọ́?"

"Ìjọba náà ò ní in. Àyàfi tí wọ́n bá fipá mú àwọn tó ṣe é kí wọ́n lu ihò sí i lẹ́yìn. Ihò kì í sì í mọ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí olè, Mátírọ́nì. Ẹni tó bá ti rí i ló máa gba ibẹ̀ wọlé."

Àǹtí bi í pé, "Ṣé àwọn tó ní àṣírí nìkan ló ń lò ó?"

Alájì rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ayé ni. Kódà àwọn tó kàn ń fi àwòrán ìrẹsì ránṣẹ́ síra wọn."

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Rédíò náà nìyẹn."

Kò sí orúkọ ènìyàn kan nínú fóònù náà. Ewùrà, Àgbàdo, Ọ̀gẹ̀dẹ̀, Ẹ̀gúsí, bẹ́ẹ̀ ló kọ wọ́n síbẹ̀. Mo yọjú wò ó nígbà kan, mo ní, "Àǹtí, ṣé ilé ìwòsàn lẹ ń ṣe ni àbí oko?" Ó yí fóònù dojú bolẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ọ́fíìsì ìjọba ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ni mí, èmi ni mo ń tẹ ìwé. Lọ́dún yẹn, ẹ̀rù ojú ọ̀nà pọ̀. Àwọn ajínigbé mú ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń jókòó sí tábìlì kan náà, nígbà tó padà dé, kò lè di ṣíbí mú dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n gbé ìwé kan wá kí n tẹ̀ pé ìjọba ń gbèrò láti fi òfin de gbogbo áàpù tó ń ti ọ̀rọ̀ pa, àti pé àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, inú mi dùn. Ìwé náà ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé fóònù rẹ̀ wá, kó ṣí i, kí àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, kí wọ́n yọ áàpù náà kúrò, kí ó sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní lò ó mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ láìṣi lẹ́tà kan. Lójú tèmi, ẹni tí kò jalè, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀kùn títì ṣe?

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fojú àánú wò mí. Iná kò sí ní Ìsùadà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, Àǹtí sì fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ nílé mi láàárọ̀ ọjọ́ kan kó lè gba iná, nígbà tó lọ ṣe ìpàdé àwọn nọ́ọ̀sì nígboro. Ìyàwó mi ti jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tó ti ń ṣe tíṣà. Mo wo fóònù náà, mo rántí pé Àǹtí kò tíì gbé e wá fún àyẹ̀wò, mo sì sọ fún ara mi pé n ó gba ìnira náà lórí rẹ̀. Mo mọ nọ́ńbà tó fi tì í. Ọjọ́ ìbí ìyá wa ni. Mo fi í sápò, mo gba ọ́fíìsì lọ.

Lójú ọ̀nà, ó dún. Mo yọ ọ́. Lókè ojú fóònù ni mo ti rí i: "Ẹ̀gúsí: Mo ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ̀rù ń bà mí..." Ìyókù kò hàn. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín pé ẹ̀gúsí náà ń lọ sọ́dọ̀ dókítà. Mi ò tilẹ̀ ronú jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo dá a padà sápò.

Èrò tò sílẹ̀ níwájú yàrá kọ̀ǹpútà. Ó ku ẹni méjì kó kàn mí nígbà tí ọ̀kadà kan já sínú ọgbà, Àǹtí sì sọ̀ kalẹ̀ láìdúró kí ọ̀kadà náà dúró tán. Gèlè rẹ̀ ti wó sí ẹ̀yìn ọrùn. Ó ti kọ́kọ́ délé mi, kò bá fóònù rẹ̀ níbẹ̀. Ó wá sídìí mi, ó na ọwọ́.

"Fún mi."

Mo gbé e fún un. Ó ki í bọ inú aṣọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ bò ó.

"Ta ló wà nídìí kọ̀ǹpútà yẹn?" ó bi mí.

"Ọmọ Ìsùadà kan ni. Ènìyàn dáadáa ni."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo ń tọ́jú àwọn obìnrin ilé wọn, àti ti àna wọn, àti ti ẹlẹ́gbẹ́ ìyá rẹ̀. Bó bá ṣí fóònù yìí, ó máa mọ gbogbo wọn nípa ohun tí wọ́n kọ. Ilé kan máa tú kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí."

"Mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni, Àǹtí." Mo wá béèrè bí òmùgọ̀ pé, "Ta ni Ẹ̀gúsí?"

"Ẹnì kan tó fọkàn tán mi," ó ní. Ó bọ́ sórí ọ̀kadà, ó lọ.

Ìgbà ọdún Ìgògò ni wọ́n pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn láti wá tọwọ́ bọ̀wé. Ẹni tó bá mọ Ọ̀wọ̀ mọ̀ pé nígbà Ìgògò, a kì í lu ìlù, ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ipò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ọ̀gá tó wá láti Àkúrẹ́ dé fìlà tó dára gan-an, ṣùgbọ́n baba olùṣọ́ ẹnu géètì dá a dúró, ó sì fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi ṣí i. Gbogbo wa jókòó pẹ̀lú orí òfìfo, àwọn tó pá àti àwọn tó hewú, kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè sá sí.

Ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó sọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n jí gbé, ojú mi rọ̀. Ó ní ẹni tí kò ṣe ibi kò ní ohun tó ń fi pamọ́. Mo pàtẹ́wọ́. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè, kó bi òun.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Èdè Ọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́, níwájú ẹni tó wá láti Àkúrẹ́, tipátipá ló sì fi ń sọ ọ́, torí kò sọ̀rọ̀ níwájú èrò rí. Èmi ló ń yí i padà sí ti ìwé níbí kí gbogbo yín lè gbọ́, àfi Ọ̀ghọ̀, bí àwa ṣe ń pe Ọ̀wọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ṣeun tí ẹ ṣí fìlà," ó ní. "Bí a ṣe ń ṣe é ní Ọ̀ghọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Ọba fúnra rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ṣí orí, tó ń di irun bí obìnrin kí gbogbo ayé rí i, kí a tó sọ pé kí mẹ̀kúnnù ṣí tirẹ̀. Fóònù mi rèé." Ó gbé e sókè. "Ẹ gbé tiyín sórí tábìlì yẹn, kí ẹ ṣí i, kí ọmọ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kà á sí wa létí. Bí ẹ bá ti ṣe tán, n ó gbé tèmi lé e."

Ẹ̀rín bú, ó sì kú lójijì. Ọwọ́ ọ̀gá lọ sí àpò rẹ̀, kò yọ nǹkan kan jáde.

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ ajínigbé," Àǹtí ń bá a lọ. "Ọ̀rẹ́ àbúrò mi wà lára àwọn tí wọ́n gbé. Fóònù lásán, tí kò ní títì kankan, ni wọ́n fi ń pe ìyàwó rẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é. Ta ló lọ mú wọn? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá."

Ó wá sọ ìtàn rédíò náà fún wọn, láti orí férémù tí kò ní ilẹ̀kùn dé orí ìyàwó ilé tí ìyá ọkọ rẹ̀ dúró dè. "Bí ẹ bá ní kí ẹni tó nílò rẹ̀ nìkan wá tọrọ àyè kó tó ti ilẹ̀kùn rẹ̀," ó ní, "ẹ ti fi ìka hàn án nìyẹn. Àfi kí gbogbo ènìyàn ní in, títí kan ẹni tí kò ní nǹkan kan láti pamọ́. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí fún ọmọ ènìyàn ní ẹ̀tọ́ lórí ìkọ̀kọ̀ ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tó bá sọ lórí tẹlifóònù. Kò sọ pé kí obìnrin Ìsùadà kọ́kọ́ wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Kì í ṣe ojúure ni mo ń bẹ̀ fún wọn lọ́wọ́ yín. Mi ò ní tọwọ́ bọ̀ ọ́."

Ó jókòó. Mo wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ tó ti funfun, mo sì mọ̀ pé láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò tíì gbọ́ kó sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ojú tì mí fún pípàtẹ́wọ́ tí mo pa, inú mi sì dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Ọ̀kan kò dí èkejì lọ́wọ́.

Wọ́n fún un ní kúẹ̀rì. Ta ló tẹ̀ ẹ́? Èmi ni. Ìlà kan ló fi dáhùn, pé ohun tí òun sọ ní gbọ̀ngàn ni òun ṣì ń sọ. Wọ́n gbé e kúrò ní Ìsùadà, wọ́n ní kó máa lọ jókòó sí yàrá tí a ń kó fáìlì àtijọ́ sí, òun tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì pẹ̀lú iyì. Ó lọ. Ó gbé rédíò rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn kò tọwọ́ bọ̀wé mọ́, lẹ́yìn wọn àwọn tíṣà náà kọ̀, ìwé tí mo tẹ̀ láìṣi lẹ́tà kan sì sùn sínú dúrọ́ọ̀. Kò sí ẹni tó fagi lé e. Òfin ńlá tí wọ́n ní ó ń bọ̀, a ṣì ń gbọ́ ọ lórí rédíò títí di ìsinsìnyí, Àǹtí sì ṣì ń lọ láti ìpàdé dé ìpàdé láti ta kò ó, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́.

Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, èmi àti ìyàwó mi jókòó sẹ́yìnkùlé, a ń bó ẹ̀gúsí. Mo ń sọ ìtàn gbọ̀ngàn yẹn fún un, bóyá ìgbà ogún rèé. Mo ní ohun tó kù tó ń dùn mí ni pé mi ò mọ ẹni tí Àǹtí fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, kò sọ.

Ìyàwó mi kò gbé ojú sókè. "Ẹ̀gúsí tí ẹ rí lójú fóònù lọ́jọ́ náà," ó ní, "èmi ni."

Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

"Kókó kan ló yọ sí mi lọ́mú. Ẹ̀gbọ́n yín ló rán mi lọ bá dókítà. Wọ́n gé e, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe nǹkan búburú."

Mo rántí àpá kékeré tó sọ pé éèwo ni. Mo rántí àárọ̀ tó ní ilé ẹ̀kọ́ ni òun ń lọ. Mo rántí ìwọ̀n fóònù náà nínú àpò mi, bí mo ṣe ń gbé e lọ síwájú èrò, tí mo ń rẹ́rìn-ín.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí." Ó bó ẹyọ kan, ó sọ ọ́ sínú abọ́. "Kì í ṣe ikú ló kọ́kọ́ ń bà mí lẹ́rù. Ìkéde yín ni."

Mi ò lè bínú. Mo fẹ́ bínú, mo wá ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀, mi ò rí i. Àǹtí ti mọ̀ láti ọjọ́ náà, ó ń jẹun nílé mi, ó ń gbọ́ tí mo ń yin ara mi pé àbúrò akọni ni mí, kò sì yọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Àǹtí ń dáàbò bo ìyàwó mi kúrò lọ́wọ́ èmi gan-an.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún mi ní ìwé àwọn aláìsàn bí wọ́n ti máa ń ṣe. Orúkọ wà níbẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń ṣe wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àǹtí jókòó sí àga iwájú, ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ká ìwé náà sí méjì. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún gbogbo ẹni tó ń ṣàìsàn láàárín wa. Ọlọ́run mọ orúkọ wọn." Ìjọ dúró dè mí, wọ́n rò pé àlàyé ń bọ̀. Mo pa ẹnu mi dé, mo tẹ orí ba, nígbà tó ṣe, mo gbọ́ tí ìyàwó mi kọ́kọ́ ṣe àmín.